Orúkọ Inú Ikùn Yukulélé

Ẹ bá mi kí wọn o, àwọn akọni tó ń kọ orúkọ wọn síbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé. Ẹ kí bíríkìlà tó fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sínú sìmẹ́ǹtì tútù, tó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ẹ bò. Ẹ kí télọ̀ tó rán lẹ́tà méjì sí abẹ́ aṣọ inú kóòtù, níbi tó jẹ́ pé aáyán nìkan ni yóò kà á. Ẹ kí káfíńtà tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun kó lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun lòun ṣe é. Olóṣèlú ń lẹ fọ́tò mọ́ ògiri, ọ̀jọ̀gbọ́n ń to oyè rẹ̀ jọ bí ẹni to iṣu, àwọn yẹn ń wá ìyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ orúkọ sínú òkùnkùn, tó sì fi àtè dí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ìgbéraga tirẹ̀ ló mọ́ jù lọ láyé. Kò retí oǹkàwé kankan.

Ọ̀gá mi kórìíra irú wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ore, kó tó béèrè orúkọ mi ló ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ kọ ọ́ síbì kankan.

"Ẹni tó bá kọ orúkọ sínú gìtá ní ṣọ́ọ̀bù yìí, kó máa gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìlú aládùúrà la wà. Orúkọ tí wọ́n bá bá nínú ohun tí a dì pa, kì í ṣe orúkọ mọ́. Ẹjọ́ ni."

Ó ti lé ọmọ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Fẹ́mi lọ nítorí rẹ̀ kí n tó dé. N kò lóye ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Mo rò pé bàbá náà kàn burú ni.

Iṣẹ́ gìtá ṣíṣe ni mo ṣe títí ojú mi kò fi rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi nísinsìnyí, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ni àbí ìwé?" Mo máa ń fura sí ìbéèrè yẹn, nítorí ẹni tó ń béèrè ti mọ ìdáhùn tó fẹ́ gbọ́ kó tó kúrò nílé. Èmi ṣe méjèèjì. Filọ́sọ́fì ni mo kà ní yunifásítì, níbi tí wọ́n ti kọ́ mi tọkàntọkàn pé kò sí ẹ̀rí tó dájú pé tábìlì tó wà níwájú mi wà níbẹ̀. Nígbà tí mo jáde, iṣẹ́ náà kò sí níbẹ̀. Ìyá mi bá mi bẹ Ọ̀gá Akínlúyì, ó gbà mí, owó tó ń fún mi kéré, mo ṣáà jẹun. Ó tó bẹ́ẹ̀ nípa ìyẹn.

Káfíńtà tó ń ṣe àga ìjọ ni Ọ̀gá Akínlúyì tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ló gbàgbé gìtá fífọ́ sí gáréèjì Ore, níbi tí àwọn ọkọ̀ Èkó àti ti Bìní ti ń dúró jẹun. Ó gbé e délé, ó tú u palẹ̀ bí ẹni kun adìyẹ, ó sì tún un tò. Látìgbà náà ló ti ń ṣe gìtá fún àwọn ilé àdúrà, láti Odigbo títí dé Ago Alaye. Ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Kò jẹ́ lo rúlà, torí pé ẹni tó bá ń kọjá lọ lè ka nọ́ńbà orí rẹ̀. Okùn tó ta kókó sí ló fi ń wọn pákó, òun nìkan ló sì mọ ohun tí kókó kọ̀ọ̀kan dúró fún. Bí àlejò bá wọlé, á dojú iṣẹ́ rẹ̀ kọ ògiri bí ìyàwó tó ń bínú. Èmi ló wá fura sí jù lọ.

"Yunifásítì," bó ṣe ń pè mí nìyẹn, "ta ló rán ẹ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, ọ̀gá."

"Ẹni tó kàwé tó báyìí kò lè dédé wá máa gbá èérún pákó. Ṣé àwọn ará Èkó ló fẹ́ jí iṣẹ́ mi?"

"Ọ̀gá, ìyá mi ló mú mi wá."

"Ìyá ẹ gan-an ńkọ́? Ta ló rán an?"

Mo gbá èérún pákó náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí n máa pọ́n ìfági, kí n má fi gé nǹkan kan. Bí mo bá béèrè ìdí, á ní, "Ìfura loògùn àgbà." Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ní tòótọ́ ni bí a ṣe ń mọ igi tó ti gbẹ. Alhaji Ráájí ló ń ta pákó fún wa nílé ìlagi, èèyàn dáadáa tó ń kí gbogbo ará ilé ẹni lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó purọ́. Á lu pákó pẹ́pẹ́, á ní, "Ọ̀gá, eléyìí ti gbẹ bí eegun!" Ọ̀gá mi á na ọwọ́. Á gbé pákó náà, á fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, á pa ojú dé. Igi tó bá ṣì lómi nínú máa ń tutù lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Alhaji, eegun yín yìí ṣì ń làágùn o."

"Háà, Bàbá! Òógùn tèmi ni, èmi tí mo gbé e!"

Wọn á rẹ́rìn-ín, ọ̀gá mi á rà á pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, a ó sì gbé e lọ sí Ajue, sí ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń yan gàrí. Òkè àjà níbi tí èéfín gàrí ń gbà lọ ni a máa ń to pákó sí, a ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi dúdú. Gìtá wa kì í ya. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, ó máa ń rùn bí gàrí díẹ̀, àwọn akọrin a sì máa ní ebi ń pa àwọn.

Ohun kan wà tí ọ̀gá mi kò kọ́ mi. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fi ẹ̀yìn dé ikùn gìtá, tí gbogbo nǹkan ti tò, tó ku àtè nìkan, á lé gbogbo wa jáde. Èmi ló máa ń rán lọ sí Ajue láti ra epo pupa.

"Ọ̀gá, epo kún inú kẹ́ẹ̀gì."

"Èyí tó wà nílé kò pọ́n tó."

Nígbà tí n ó bá fi dé, ó ti dé ikùn náà pa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọkàn mi sọ fún mi pé òògùn ló ń fi sínú rẹ̀. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí, èmi tí mo lè bá yín jiyàn pé tábìlì kò sí, mo gbà láìjanpata pé òògùn wà nínú gìtá. Lọ́jọ́ kan tí ó lọ sí ìjọ, mo ki díńgí kékeré bọ inú ihò gìtá kan kí n lè rí abẹ́ pákó ojú rẹ̀. Ojú ara mi ni mo rí, ó sì jọ ojú olè.

Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, a máa ń fi omi gbígbóná tẹ ẹ̀gbẹ́ gìtá lórí páìpù irin tí ẹyin iná wà nínú rẹ̀, bí a bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá okùn dún dáadáa, ọ̀gá mi á dúró kí ọkọ̀ ńlá kan tó máa ń lọ sí Bìní fọn fèrè, á fi okùn kìíní bá a mu. Bí dẹ́rẹ́bà náà bá gba ìsinmi, iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ oníná dé, tó ń gé ìka àti pákó láìṣe ojúsàájú. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù dé, ó ń sọ fún ènìyàn pé okùn ti ga jù tàbí pé ó ti lọ sílẹ̀ jù. Mo gbé fóònù lọ sí ìjọ kan lọ́jọ́ kan, ó ní agogo ìjọ náà ṣìnà. Alágogo ní fóònù ló ṣìnà. N kò gba ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì gbọ́. Àtè nìkan ni ọ̀gá mi kò jẹ́ kí a yí padà. Àtè tí a fi awọ màlúù sè ló ń lò, ó ní èyí tí wọ́n ń rọ sínú ike, ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, tí gígé pákó ti di tèmi, ni Ìyá Akọrin wá bá wa. Òun ló ń darí orin ní ilé àdúrà kan lójú ọ̀nà Odigbo. Obìnrin kúkurú tí ohùn rẹ̀ tó ti ènìyàn mẹ́ta ni. Bó bá gbé gìtá kọ́rùn, gìtá náà ló máa ń gbé e.

"Ẹ bá mi ṣe kékeré," ó ní, "ṣùgbọ́n kí ohùn rẹ̀ má kéré o. Ẹ mọ̀ pé agogo wa pọ̀."

Mo ti rí i lórí fóònù, gìtá ọmọdé tí wọ́n ń pè ní yukulélé, okùn mẹ́rin péré. Mo sì mọ̀ pé okùn mẹ́rin kò lè sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn aládùúrà bá ti ń lu ìlù àti agogo. Mo ronú, mo ní n ó fún okùn kọ̀ọ̀kan ní ìkejì rẹ̀, kí àwọn méjèèjì máa dún pọ̀ lábẹ́ ìka kan ṣoṣo. Ìbejì mẹ́rin, okùn mẹ́jọ.

Ọ̀gá mi yọ jìgí ojú rẹ̀. "Mẹ́jọ kẹ̀? Mẹ́fà ló wà lára gìtá àgbà, ìwọ fẹ́ fi mẹ́jọ sára ọmọ ọwọ́? Yunifásítì, ta lo fẹ́ pa?"

Ọmọ ọwọ́ náà ló kú, ẹ̀ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ nígbà tí mo fa okùn le. Mo fi igi apá ṣe ọrùn èkejì, kò tẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àpótí rẹ̀ wọlé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò léyín, nítorí pé ara ojú pẹlẹbẹ náà ni mo so okùn mọ́. Mo jókòó tì í, mo ń fura sí Alhaji Ráájí. Ọ̀gá mi ló wá dúró lẹ́yìn mi.

"O so ewúrẹ́ mọ́ ewé," ó ní. "Igi ni wọ́n ń so ó mọ́."

Ó yé mi. Mo gbé okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gba orí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá ojú àpótí, mo lọ so wọ́n mọ́ ìdí rẹ̀, níbi tí igi ti nípọn. Mo tún fi igi wẹ́wẹ́ méjì dábùú ara wọn lábẹ́ ojú àpótí tí mo fi igi arère ṣe náà kó lè gbà á dúró. Ojú kò wọlé mọ́. Nígbà tí a de ẹ̀yìn mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀ láìtíì fi àtè sí i, tí a dán an wò, ohùn tó jáde láti inú nǹkan tí kò gùn tó apá àgbà mú kí àwọn ọlọ́kadà dúró lójú títì. Ìbejì ni lóòótọ́: bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ rẹ̀yìn, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí jà, àfi kí o tún wọn parí ìjà. Mo mọ̀ ọ́n lára pé èmi ni mo ṣe nǹkan yìí, orí mi ló ti jáde. A tú ẹ̀yìn náà, mo ń wo abẹ́ ojú rẹ̀ funfun. Mo ń wo pẹ́ńsùlù.

"Yunifásítì," ọ̀gá mi ní, "lọ ra epo wá ní Ajue."

Mo lọ. Nígbà tí mo dé, ó ti dé e pa. Àtè wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Ìyá Akọrin gbé e lọ pẹ̀lú ayọ̀. Ṣùgbọ́n ohun èlò kì í wọ ìjọ wọn bẹ́ẹ̀ lásán. Wọ́n gbé e sórí pẹpẹ láti yà á sí mímọ́, wọ́n ń wọ́n omi sí i láàárọ̀, wọ́n ń wọ́n ọn nírọ̀lẹ́, wọ́n sì fi òróró olóòórùn dídùn pa á lára. Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àtè awọ màlúù ńkọ́? Bí omi bá dé ibi tó wà, yóò rántí pé ọbẹ̀ ni òun tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Akọrin gbé e kọ́rùn, ó ta á lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn yukulélé sì la ẹnu. Ó yọjú wò ó. Ó ké, ó jù ú sílẹ̀. Nínú ikùn rẹ̀, lábẹ́ ojú rẹ̀ lápá ọrùn, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́: *Akínlúyì*.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ẹ fara balẹ̀. Ní ìlú wa, bí a bá kọ orúkọ ènìyàn sínú ìwé tí a fi sábẹ́ àbẹ́là, àdúrà ni. Bí a bá kọ ọ́ sínú ohun tí a fi àtè dí pa, a ti de onítọ̀hún mọ́lẹ̀ nìyẹn. Gbogbo Ore ló sì mọ̀ pé ọwọ́ Ọ̀gá Akínlúyì ń gbọ̀n. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí kíá. Nígbà tí mo wọlé, ìjọ ti pín sí méjì: àwọn tó ń gbàdúrà fún bàbá náà àti àwọn tó ń wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ mi," Wòlíì ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́, "ìwọ lo ṣe eléyìí?"

"Èmi ni, Wòlíì."

"Kí wá ni orúkọ ọ̀gá rẹ ń wá nínú igi?"

"Wòlíì, n kò mọ̀."

"Kò mọ̀!" obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá olóore, ó ti de ọwọ́ wọn mọ́ inú pákó! Ẹ ò rí i pé omi mímọ́ ló tú àṣírí ẹ̀?"

Omi ló tú u lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dìde nínú ìjọ aládùúrà láti wí pé omi mímọ́ àti omi ọbẹ̀ jọ ń yọ́ àtè bákan náà? Àwọn ilé àdúrà nìkan ló ń ra ohun tí mò ń ṣe. Bí ìjọ yìí bá pè mí ní aṣebi, kí ilẹ̀ tó ṣú ọ̀rọ̀ náà á ti dé Ago Alaye, kò sì sí ẹni tí yóò tún jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ mi wọ ilé rẹ̀. Mo ti ń ro ìlú tí n ó kó irinṣẹ́ mi lọ. Filọ́sọ́fì kò dá sí i rárá.

Wọ́n fi ọ̀kadà gbé ọ̀gá mi dé. Ìgbà tí mo rí i ni ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Mo mọ ẹni tó lè kọ orúkọ yẹn, kò lè ju ẹni tó máa ń rán mi lọ ra epo. Ṣùgbọ́n bàbá tó lé Fẹ́mi nítorí orúkọ, ṣé yóò dìde láàárín ìjọ kó ní òun ni? Ó rọrùn fún un kó gbà pé èmi ni. Ó sá ti ń fura sí mi láti ọjọ́ tí a ti mọra.

Ó gba yukulélé náà. Ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pa ojú dé.

"Omi ti wọ̀ ọ́," ó ní. Ó wá yọjú wo inú rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ má fòyà," Wòlíì ní. "Ta ló kọ orúkọ yín síbẹ̀?"

Ọ̀gá mi wò mí bó ṣe máa ń wo Alhaji Ráájí. Mo ní ó ti parí. Ó yíjú sí Ìyá Akọrin.

"Ẹ fún mi ní pẹ́ńsùlù."

Ó kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá Akọrin gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó ń wo èyí, ó ń wo ìyẹn.

"Ìbejì ni wọ́n," ó ní. "Wòlíì, ẹ wò ó. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an ń gbọ̀n. Ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n kí wọ́n tó dé e pa!"

"Èmi ni mo kọ ọ́," ọ̀gá mi ní. "Gìtá mẹ́ta tí mo ti ṣe fún ìjọ yín, tó wà níbẹ̀ yẹn, inú gbogbo wọn ni mo wà. Ẹ tú wọn, bẹ́ ẹ bá fẹ́."

Wòlíì nu ojú. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ síta, kí gbogbo ayé rí i?"

"Síta kẹ̀, Wòlíì? Kí wọ́n lè pè mí ní agbéraga?"

Obìnrin tó kígbe lẹ́ẹ̀kan yẹn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbàdúrà fún wa lápapọ̀, wọ́n sì tún wọ́n omi sí wa, mo sì fi ọwọ́ bo yukulélé náà. Àwọn kan níbẹ̀ kò gbàgbọ́ títí di òní. Bí mo bá kí wọn lọ́jà, wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún pa mọ́ sínú ìró kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

Orí ọ̀kadà kan náà la bá padà, èmi láàárín, òun lẹ́yìn.

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ lé Fẹ́mi lọ nítorí orúkọ."

"Bírò ni Fẹ́mi fi kọ tiẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

"Ọ̀gá, èmi ni mo ṣe èyí. Èmi ni mo ronú okùn mẹ́jọ."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, mo fi àtè inú ike tún yukulélé náà lẹ̀, ọ̀gá mi sì ṣe bí ẹni pé òun kò rí ike náà. Ìyá Akọrin ṣì ń lò ó, ohùn rẹ̀ kò kéré.

Ọ̀gá Akínlúyì ti lọ sinmi. Mo gba ṣọ́ọ̀bù náà, mo sì gba òfin rẹ̀: ẹni tó bá kọ orúkọ sínú ohun èlò nílé mi, kó máa lọ. Mo sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi pẹ̀lú ohùn líle. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń béèrè, ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ bó bá wù yín, ẹ sì fura sí àgbà tó ń ṣòfin.

Yukulélé olókùn mẹ́jọ tó jáde gbẹ̀yìn níwájú mi, Adétóún ọmọ iṣẹ́ mi ló gé e, òun ló fá a, òun ló so ìbejì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ìdí rẹ̀. Ó dára ju èyíkéyìí tí mo ṣe lọ. Nígbà tó ku kí a dé e pa, mo ní kó lọ bá mi ra epo pupa wá ní Ajue.

"Bàbá, epo kún inú kẹ́ẹ̀gì."

Mo ní èyí tó wà nílé kò pọ́n tó. Ó wò mí títí, ó sì lọ.

Mo kọ tèmi náà. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́.